Ìgbà Òtútù Tí Pesha Kọ Omi Ìlú

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Ṣebati
Pesha bì lánàá. Ó ti ilé ìwẹ̀nù dé, ó di òpó ẹnu ọ̀nà mú, ó sì bì sínú òjò dídì. Mo sáré jáde. Mo ti na ọwọ́ láti dì í mú kí n tó rántí pé mi ò tíì mọ̀ bóyá ó ti rì bọ omi ìwẹ̀nù lẹ́yìn nǹkan oṣù rẹ̀ tàbí kò rì; kí ó tó rì, èmi ọkọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo fa ọwọ́ mi padà.

“Mi ò rì o, Bàbá Doba,” ó ní. “Mo sọ̀kalẹ̀ dé itan, mo sì padà.”

“Kí ló dé?”

“Nǹkan kan lẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo fi ọwọ́ yọ ọ́. Aṣọ tí ẹlòmíràn fi di egbò ni, tòun ti ọyún rẹ̀.”

Mo sọ ohun tí àwọn Rábì máa ń sọ. Mo ní omi náà kún tó bó ṣe yẹ kó kún, pé ìsun inú ilẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò fi garawa pọn ọ́, àti pé ìdọ̀tí kì í ba irú omi bẹ́ẹ̀ jẹ́ lábẹ́ òfin.

“Kí òfin bọ́ aṣọ kó wọ inú rẹ̀ fúnra rẹ̀,” ni Pesha wí. “Èmi ò wọ ibẹ̀ mọ́.”

“Ṣé o mọ ohun tí ìyẹn máa jẹ́ láàárín àwa méjèèjì?”

“Rábì ló bí mi, Rábì ló fẹ́ mi. Mo mọ̀ ọ́n ju bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n lọ.”

Ó ń sùn lọ́dọ̀ Doba, ọmọ wa. Oúnjẹ mi, orí tábìlì ló ń gbé e sí, tí yóò sì lọ kí n tó fọwọ́ kàn án.

5 Ṣebati
Anshel wá. Òun ló gba ilé ìwẹ̀nù lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìlú, tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn obìnrin, bàbá rẹ̀ ló sì wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó gbé ẹja ńlá kan dání nínú aṣọ tútù, ẹnu ẹja náà ṣì ń là, ó ń pa dé.

“Ti Ọjọ́ Ìsinmi yín nìyí, Rábì.”

“Ọ̀rọ̀ wo ló tẹ̀lé e?”

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni pé mo pa á lẹ́rìn-ín gidi. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e ni Tema, opó ọlọ́lọ. Tema ti kọ́ ilé ìwẹ̀nù tuntun sẹ́yìn ilé ọlọ rẹ̀, pẹ̀lú fèrèsé àti sítóòfù. Anshel fẹ́ kí n fọwọ́ sí i pé kò bófin mu.

“Inú páìpù irin ni omi rẹ̀ ń gbà, Rábì. Páìpù, ohun èlò ni. Omi tó bá ti inú ohun èlò wá, omi àpọn ni, òfin kò sì gbà á fún ìwẹ̀nù. Àbí mo purọ́?”

Ọkùnrin tí kò lè ka àdúrà àárọ̀ láì ṣìnà! Mo béèrè ẹni tó kọ́ ọ. Ó ní Rábì Fishel, adájọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ti fọwọ́ sí i ní tirẹ̀, ti èmi nìkan ló kù.

“Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ wò ó.”

“Kí lẹ fẹ́ wò? Obìnrin ló kọ́ ọ.”

Mo dá ẹja rẹ̀ padà fún un. Ó “gbàgbé” rẹ̀ sórí àtẹ̀gùn wa. Pesha gbé e ránṣẹ́ sí ilé àwọn aláìní, wọ́n sì ní ó dùn.

6 Ṣebati
Mo lọ wo adágún Anshel lọ́sàn-án, nígbà tí obìnrin kankan kò sí níbẹ̀. Ọdún tí mo ti ń sọ fún ìlú pé omi náà dára kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n ojú ìwé ni mo ti ń rí i. Zlata, obìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀, gbé àtùpà ṣáájú mi. Àtẹ̀gùn náà ń yọ̀ bí ẹ̀dọ̀ màlúù. Omi náà kò ní ojú. Awọ ọ̀rá ló bò ó, irun àti nǹkan tí n kò fẹ́ dárúkọ sì wà nínú awọ náà bí èso inú àkàrà òyìnbó.

“Ẹ má bẹ̀rù, Rábì,” ni Zlata wí. “Kì í gé ni jẹ. Àgbà ni. Ó mọ gbogbo wa.”

“Ìgbà wo ni wọ́n tú u kẹ́yìn?”

“Ẹ bi Anshel. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n wá iṣẹ́ míì.”

Mo fi ọ̀pá ro ó. Òórùn kan gòkè wá tí ó mú omijé jáde lójú mi. Ibi tí mo ń rán àwọn ọmọbìnrin ìlú yìí sí nìyí, lóṣooṣù, pẹ̀lú ìbùkún lẹ́nu mi.

11 Ṣebati
Mo bá Fishel nílé. Ó ń jẹ kábéèjì kíkan, ìwé sì wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ̀.

“Ṣé ẹ ti dé ọ̀dọ̀ Tema?”

“Kí ni kí n lọ ṣe níbẹ̀?”

“Ẹ fọwọ́ sí i pé omi rẹ̀ kò dára.”

“Páìpù wà níbẹ̀ àbí kò sí? Ó wà. Ó parí. Ojú ìwé ló ń dájọ́, Rábì Kalman, kì í ṣe imú.” Ó nu ẹnu. “Àti pé kí n sọ òótọ́ fún yín, bí gbogbo opó tó bá lówó bá ń kọ́ ilé ìwẹ̀nù, kí ni ìgbìmọ̀ fẹ́ máa fi san owó oṣù wa?”

Mo wò ó bó ṣe ń jẹun. Kábéèjì ń ro ní irùngbọ̀n rẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ olùkọ́ kan náà, ohùn rẹ̀ sì dùn nígbà náà tó bá ń ka ìwé.

12 Ṣebati
Òjò dídì bo fèrèsé. Igi ìdáná ti di ọ̀wọ́n, àwọn olówó nìkan ló ń rí ẹyin rà.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Ṣebati
Mo dé ọ̀dọ̀ Tema. Ó dúró de mi lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹ̀fun wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí.

“Ẹ káàbọ̀, Rábì. Mo rò pé wọ́n ti di ẹsẹ̀ yín mọ́ tábìlì.”

Omi rẹ̀ mọ́ débi pé mo ka òkúta ìsàlẹ̀. Ooru ń bọ̀ láti ara sítóòfù. Mo dúró níbẹ̀ bí òmùgọ̀, ohun kan ṣoṣo tó sì wà lọ́kàn mi ni pé Pesha kò ní bì níbí.

Lẹ́yìn náà mo rí àpótí irin kan láàárín páìpù àti adágún, ibi tí omi ti ń dúró díẹ̀ kí yanrìn inú rẹ̀ lè sílẹ̀. Àpótí yẹn ló burú: omi tó bá dúró nínú ohun èlò lè di omi àpọn. Kì í ṣe pé Fishel gbọ́n o, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Ṣùgbọ́n iyèméjì gidi ni, a kì í fi ọwọ́ gbá a dànù.

“Ó dára àbí kò dára?” ni Tema bi mí.

“Mi ò lè dá a.”

“Ẹ ò mọ̀ ọ́n?”

“Mo lè mọ̀ ọ́n. Mi ò lè dá a ni. Ọ̀rọ̀ ilé mi wà nínú rẹ̀.”

Ó wò mí títí, ó sì yé e. Ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. “Ẹni tí ebi ń pa kì í pín ẹran,” ó ní. “Ẹ lọ wá ẹni tó ti yó wá nígbà náà.”

Mo ti ránṣẹ́ sí Rábì Hersh-Ber ní ìlú Horodne. Arúgbó ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sì bẹ̀rù ìgbìmọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti dí.

19 Ṣebati
Wọ́n ṣe ìgbéyàwó Gitl, ọmọ oníbàtà. Bàbá rẹ̀ ti wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ọmọ náà ń sunkún, kò fẹ́ wọ adágún Anshel bí gbogbo ìyàwó ṣe gbọ́dọ̀ rì kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé, ṣé ó lè lọ sí ti Tema? Mo ní a kò tíì dá a. Ó ní odò ńkọ́? Odò ti di yìnyín, ènìyàn lè fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gba orí rẹ̀ kọjá. Ó ní, “Ó dáa, Rábì.” Kò bá mi jiyàn. Ó ṣe ohun tí mo sọ, ọmọ náà sì rì ní ti Anshel.

24 Ṣebati
Ojú òsì Gitl ti wú, ó ti pa dé. Àwọn ìyá ọkọ ní ojú burúkú àwọn ayé ló mú un.

25 Ṣebati
Dókítà dé láti ìlú ńlá. Ọmọ Júù ni òun náà, ṣùgbọ́n ó ti fá irùngbọ̀n rẹ̀, kì í sì í bọ̀wọ̀ fún wa. Ó ní omi ìwẹ̀ náà ló wọ ojú rẹ̀, pé òun ti rí egbò irú rẹ̀ lára àwọn obìnrin ìlú yìí tipẹ́. Ojú náà kò ní ríran mọ́.

“Ta ló ní kó wọ inú ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn?” ló bi mí, nínú yàrá ìyàwó tuntun, lójú bàbá rẹ̀.

Oníbàtà kò wò mí. Ó ń wo bàtà dókítà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù Adari
Mo lọ bá Anshel ní ilé ìwẹ̀nù, mo ní kí ó tú omi náà gbẹ, kí wọ́n fọ ọ́, kí wọ́n sì jẹ́ kí ìsun tún un kún. Mo ní bí kò bá ṣe é, èmi fúnra mi ni màá ti ilẹ̀kùn.

Ó jókòó lórí àga tí àwọn obìnrin ń bọ́ aṣọ sí. Ó ń jẹ kóró èso kéékèèké tí wọ́n yan, ó ń tu èèpo rẹ̀ sílẹ̀.

“Kò ní kún, Rábì.”

“Kí ló máa ṣe é tí kò fi ní kún?”

“Ìsun ti kú.” Ó tu èèpo. “Nígbà tí wọ́n gé òkè fún rélùwéè, omi lọ. Adágún gbẹ fúrúfúrú. Kí ni kí n ṣe? Kí n sọ fún ìgbìmọ̀ kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi? Mo ní kí Simkha apọnmi máa fi garawa pọn ti odò wá. Ọjọ́ bíi mélòó kan péré ni. Láti ìgbà yẹn, mi ò jẹ́ tú u mọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i pé ìsun ti gbẹ nísàlẹ̀. Ṣé ẹ wá rí i? Ẹ̀gbin yẹn tí ẹ ń rí, ìtọ́jú ni.”

Ọdún tó ṣáájú èyí tí wọ́n bí Doba ni wọ́n gé òkè náà.

Anshel wá súnmọ́ mi, ó fohùn rọ̀ mí bí ẹni ń bá ọmọ aláìsàn sọ̀rọ̀.

“Ẹ ti ilẹ̀kùn mi, màá la ẹnu mi. Ẹ̀yin ni ẹ mọ òfin. Bí omi kò bá dára, obìnrin wo ló mọ́ ní ìlú yìí? Ọmọ wo ni wọn kò lóyún rẹ̀ nínú èèwọ̀? Ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ fún ọmọ wa láti ìlú míì? Àti tiyín náà, Rábì. Ọmọ kékeré tó dára bẹ́ẹ̀.” Ó na èso rẹ̀ sí mi. “Ẹ jẹ díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ dákẹ́.”

Mo dé ilé, mo fọ ọwọ́ mi títí Pesha fi béèrè ohun tí mo fọwọ́ kàn. Mo ní mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan.

4 Adari
N kò jẹun. Doba ń kọ “álẹ́fì,” lẹ́tà àkọ́kọ́, sí ara fèrèsé tí èémí rẹ̀ bò, ó ń pè mí kí n wá wò ó. Mo ní ó dára. Ó dára gan-an.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Adari
Mo ti ń ka ìwé láti ìjẹta. Òfin kò fi igbá kan bọ̀kan nínú: adágún tí wọ́n bá rí i pé kò pé, gbogbo ohun tó ti wẹ̀ nínú rẹ̀ sẹ́yìn kò mọ́. Mo kà á, mo pa ìwé dé, mo tún ṣí i bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà lè ti kúrò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló rí i? Ọ̀rọ̀ ẹnu Anshel ni. Kí sì ni Anshel jẹ́? Àwọn bàbá wa sọ pé ènìyàn kì í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di ẹni burúkú níwájú ẹjọ́. Bó bá sọ pé òun tan ìlú jẹ, ó ti sọ ara rẹ̀ di ẹni burúkú. Ẹni burúkú kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Níwọ̀n ìgbà tí kì í ṣe ẹlẹ́rìí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nǹkan kan, adágún sì dúró lórí bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Ìwà ìbàjẹ́ rẹ̀ gan-an ni yóò fọ gbogbo wa mọ́.

Òfin gidi ni. N kò hùmọ̀ rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá mú un wá fún mi, màá fi ọwọ́ gbá a léjìká. Mo gbà á, ó sì rí lára mi bí ìgbà tí mo ro omi yẹn, tí òórùn gòkè.

Màá ti ilé ìwẹ̀nù náà nítorí ewu. Ewu wúwo ju èèwọ̀ lọ. Ojú Gitl tó ẹ̀rí. Nípa ohun tó ti kọjá, mi ò ní sọ nǹkan kan.

15 Adari
Púrímù, àjọ̀dún àríyá àti eré, ti kọjá, ọpẹ́ ni. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣeré kiri wọ ilé wa lánàá. Ọ̀kan wọ irùngbọ̀n òwú bíi tèmi, ó dùbúlẹ̀ lórí àga gbọọrọ, ó ń gbọ̀n, ó ń kọrin pé, “Ẹ bá mi wá omi, ẹ bá mi wá omi, ibùsùn Rábì ti di yìnyín!” Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Pesha fún wọn ní àkàrà òyìnbó oníṣúgà, ojú rẹ̀ pọ́n. Ọtí Anshel ló ń rùn lẹ́nu wọn.

Ọjọ́bọ̀, 18 Adari
Rábì Hersh-Ber dé! Yìnyín ti ń yọ́, ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé. Ó ń wúkọ́ bí àgbò. Kò tilẹ̀ bọ́ ẹ̀wù, ó ní, “Ibo ni omi wà?”

Ní ọ̀dọ̀ Tema, ó dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀, bàbá arúgbó, ó ti orí bọ abẹ́ páìpù. A ń rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan. Fishel dúró lókèèrè, ó fi aṣọ bo imú.

“Ẹ fà mí jáde,” ni Hersh-Ber pariwo. Nígbà tí a fà á jáde, ó ní kí Tema yọ àpótí irin náà dànù, kí ó gé páìpù níbẹ̀, kí omi fi orí ilẹ̀ lásán ṣàn díẹ̀ kí ó tó wọ adágún. “Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ó dára. Ó dára fún ìyàwó ọba.”

“Ṣé ìyẹn nìkan ni?” ni Tema wí. “Ọkùnrin mélòó ló ti ń jà lórí ohun tí màá fi ṣọ́bìrì ṣe kí oúnjẹ tó jinná?”

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí inú mi dùn láti ìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Kí ó tó lọ, ó ní kí n mú òun wo ti àtijọ́. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì kọjú sí mi.

“Ṣé nǹkan kan wà tí o fẹ́ bi mí nípa èyí?”

“Rárá, bàbá.”

“Ó dáa,” ó ní. Kò bi mí lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Adari
Lánàá ni mo kéde rẹ̀ ní sínágọ́gù, lẹ́yìn tí a ka Òfin tán: Tema ti ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, omi rẹ̀ dára, ti Anshel di títì pa láti òní lọ, nítorí ewu ara. Mi ò fi ọ̀rọ̀ kún un.

Anshel dìde. Ó ti mutí.

“Ó ní ewu ara!” ó kígbe. “Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó jù bẹ́ẹ̀ fún yín! Omi odò ni! Láti ìgbà tí rélùwéè ti dé! Èmi ni mo ní kí wọ́n pọn ọ́ dà sínú adágún gbígbẹ! Ẹ lọ ka àwọn ọmọ yín, kí ẹ mọ iye tó mọ́ nínú wọn!”

Ohùn kan já láti òkè, láti ibi tí àwọn obìnrin ń jókòó, ó dà bí ìgbà tí aṣọ ya.

Mo fi ọwọ́ gbá tábìlì. “Anshel. Òní kì í ṣe ọjọ́ ẹjọ́, mo kàn ń béèrè ni. Ṣé ìwọ lo ṣe é?” Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi “ìwọ” pè é nìyẹn, gbogbo ilé sì gbọ́ ọ.

“Èmi ni!”

“O mọ̀ pé èèwọ̀ ni?”

“Mo mọ̀!”

“O mọ̀, o sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ìyàwó wa, o ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń wọlé?”

“Mo mọ̀, mo mọ̀, kí lẹ fẹ́ fi mí ṣe?”

“Mi ò ní fi ọ́ ṣe nǹkan kan. O ti fi ẹnu ara rẹ sọ pé ẹni burúkú ni ọ́. Ẹlẹ́rìí burúkú kì í ṣe ẹlẹ́rìí ní Ísírẹ́lì. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nǹkan kan nínú ilé yìí. Àwọn ìyàwó wa mọ́ bí wọ́n ti ń mọ́, àwọn ọmọ wa sì mọ́. Jókòó.”

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà gbogbo wọn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú, wọ́n ń gbá ara wọn lẹ́yìn. Oníbàtà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé mi sókè bí ọkọ ìyàwó.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Pesha kó àwo, ó sì dúró.

“Ṣé òótọ́ ni ohun tó sọ?”

“Òfin kò gbọ́ ọ.”

“Mi ò bi òfin, Bàbá Doba.”

Ó wò mí bí ènìyàn ṣe ń wo ẹran lọ́jà nígbà tí kò dá a lójú. Lẹ́yìn náà ó pe Doba, ó gbé e sí orí itan, ó sì rọra ń tú irun rẹ̀ tí ó ti dì dáadáa, ó tún un dì.

24 Adari
Pesha lọ sí ti Tema. Ó ní òun rí ìka ẹsẹ̀ òun nísàlẹ̀ omi. Èyí tó kù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé.

28 Adari
Ìgbìmọ̀ jókòó. Wọ́n ní Anshel ti pàdánù iṣẹ́, ó ní àwọn ọmọ, kò sì yẹ kí ó máa pariwo kiri. Wọ́n fún un ní ìyẹ̀fun àkàrà aláìwú ti Ìrékọjá láti máa bojú tó. Ìyẹ̀fun gbogbo ìlú! Mo ní mi ò ní jẹ ẹ́. Alága ìgbìmọ̀ ní, “Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nǹkan kan, Rábì. Kí ni a fẹ́ tìtorí rẹ̀ fìyà jẹ ẹ́?”

Pesha ra ìyẹ̀fun tiwa lọ́wọ́ Tema.

Ọjọ́rú, 2 oṣù Nisani
A dí adágún náà lónìí. Òjò ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọkùnrin kó ọmọlanke wá, òkúta, erùpẹ̀, ìdọ̀tí ilé tó wó. Alága ìgbìmọ̀ fẹ́ kí a kọ́kọ́ tú omi rẹ̀ gbẹ.

“Òkúta àtẹ̀gùn wọ̀nyẹn dára, Rábì. A lè yọ wọ́n lò.”

“Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ dí i bó ṣe wà.”

“Pẹ̀lú omi nínú rẹ̀?”

“Pẹ̀lú omi nínú rẹ̀.”

Bí a bá tú u, ẹ̀rọ̀fọ̀ ìsàlẹ̀ yóò sọ bóyá ìsun ṣì ń mí tàbí kò mí, ojú gbogbo ènìyàn yóò sì rí i. Mo rò pé èmi nìkan ni mo ronú dé ibẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí Fishel tó ń wò mí. Ó ti yé e. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì mi orí sí mi bí ẹlẹgbẹ́ sí ẹlẹgbẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo rí lásìkò yìí, ẹ̀rín yẹn ló kó mi nírìíra jù.

Simkha apọnmi ti ọmọlanke rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ mi. Ọkùnrin gígùn ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

“Rábì, wọ́n ní ẹlẹ́rìí méjì ni òfin ń fẹ́. Èmi ni mo pọn omi yẹn. Èmi ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe nígbà náà, mi ò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Bí ẹ bá pè mí, màá sọ ọ́.”

“Ta ló pè ọ́?”

“Ẹnikẹ́ni ò tíì pè mí.”

“Da erùpẹ̀ rẹ, Simkha.”

Òjò ń ro ní fìlà rẹ̀. Ó dà á. Bí òkúta ṣe ń wọlé ni omi ń gòkè, ó gun àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọjá ẹnu ọ̀nà, ó sì bọ́ sí òpópónà tòun ti awọ ọ̀rá rẹ̀. Àwọn obìnrin gbé yẹ̀rì wọn sókè, wọ́n ń ké. Fishel ń fò bí ẹyẹ. Omi náà kó sí gbogbo wa ní bàtà.

Mo dé ilé, Pesha ní kí n bọ́ bàtà síta. Kí n tó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tán, opó kan láti òpópónà ìsàlẹ̀ kanlẹ̀kùn. Ó gbé adìyẹ pípa dání. Ó rí nǹkan dúdú kan lára ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì fẹ́ kí n dá a bóyá òfin gbà kí wọ́n jẹ ẹ́.

“Rábì, ṣé ó dára?”

Mo gbé e lọ sí ojú fèrèsé. Mo fi ìka yí i, mo gbóòórùn rẹ̀, mo tún un wò.

“Ó dára,” mo ní.

Kò bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ̀mí mi gùn, ó kó adìyẹ rẹ̀, ó sì lọ sè é fún àwọn ọmọ rẹ̀.